Ilé Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọnà ní Ọyẹ́-Èkìtì

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí dá lórí iṣẹ́ ọwọ́ àti irú ilé tí a ti ń kọ́ ọ. Ìtàn ni n óò sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn àtijọ́ lásán. Ó kan ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọmọ tí ó ti parí ìwé mẹ́wàá tí kò sì rí iṣẹ́ ṣe. Ó kan àwa àlùfáà tí à ń kọ́ ilé ìsìn. Ó sì kan àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn.

Ẹ jẹ́ kí á ti orí orúkọ Rumuomasi, àdúgbò wa yìí, bẹ̀rẹ̀. Ní èdè àwọn Ikwerre tí wọ́n ni ilẹ̀ náà, "Rumu" tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọ̀pọ̀ àdúgbò wa ń tọ́ka sí àwọn ọmọ tàbí ìdílé ẹnì kan. Àwọn ọmọ Omasi ni Rumuomasi. Kí ọ̀nà Aba tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kí ilé ìtajà àti ilé iṣẹ́ tó pọ̀ níbẹ̀, ilé ẹbí ni. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwa Yorùbá, nítorí pé agbo ilé ni à ń pè é ní tiwa. Agbo ilé yìí gan-an sì ni ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àkọ́kọ́ tí àwọn baba wa ní.

Ní ayé àtijọ́, iṣẹ́ a máa bá ìdílé rìn. Ilé alágbẹ̀dẹ wà, ilé agbẹ́gilére wà, ilé aláró àti ilé ahunṣọ wà. Orúkọ tí a sọ ọmọ náà ti tó láti fi iṣẹ́ ilé rẹ̀ hàn. Bí a bá gbọ́ Àyàndélé, a mọ̀ pé ilé onílù ni. Bí a bá gbọ́ Ọnàfowókàn, a mọ̀ pé ilé ọlọ́nà ni. Ọmọ tí a bí sí ilé alágbẹ̀dẹ kò dúró de ọjọ́ tí a ó fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Nígbà tí ó bá ti lè rìn, yóò máa gbá ilẹ̀ àgbẹ̀dẹ. Nígbà tí apá rẹ̀ bá gbó díẹ̀, yóò máa fín ewìrì. Ní gbogbo àkókò yìí, ojú rẹ̀ ń bẹ lára baba rẹ̀. Ó ń wo bí irin ṣe ń pọ́n, ó sì ń gbọ́ ìyàtọ̀ tí ó wà nínú ìró òòlù. Kò sí ẹni tí ó jókòó láti ṣàlàyé fún un, ṣùgbọ́n ó ti ń kọ́ṣẹ́.

Bí ọmọ ilé mìíràn bá sì fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà, àwọn òbí rẹ̀ yóò mú un lọ bá ọ̀gá, yóò sì máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Yóò bá àwọn ọmọ ọ̀gá jẹun, yóò bá wọn lọ sí oko, yóò sì máa ṣe iṣẹ́ ilé pẹ̀lú wọn. Ọdún púpọ̀ ni èyí máa ń gbà. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà fi bá iṣẹ́ ọwọ́ mu dáadáa, pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ náà kò kọ́ bí a ṣe ń gbẹ́ igi nìkan. Ó kọ́ bí a ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, bí a ṣe ń yan igi nínú igbó, bí a ṣe ń fi sùúrù gba ìbáwí, àti bí ènìyàn ṣe ń mọ̀ pé iṣẹ́ tí òun ṣe kò tíì dára tó.

Nígbà tí àwọn ojíṣẹ́ Ọlọ́run láti òkè òkun dé ilẹ̀ Yorùbá, àwọn náà rí i pé ìwé nìkan kò tó. Láàárín ọdún 1850 sí 1860, àwọn CMS dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, pàápàá nítorí òwú tí wọ́n fẹ́ máa kó lọ sí Manchester. Ní ọdún 1876, àwọn Fadá wa ti ẹgbẹ́ SMA tẹ ibùdó kan dó sí Tòpó, ní ẹ̀gbẹ́ Badagry, níbi tí àwọn ọmọdé ń gbé tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ oko, tí a sì gbin àgbọn lọ súà. Ní Èkó, àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil padà wá sílé ń ṣe iṣẹ́ bíríkì àti iṣẹ́ káfíńtà tí gbogbo ìlú ń wò, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ lábẹ́ ara wọn. João da Costa jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà wọ̀nyí. Òun ni ó kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní ọdún 1894. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé a óò tún bá irú rẹ̀ pàdé kí ọ̀rọ̀ wa tó parí.

Ìgbìyànjú wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n ohun kan wọ́pọ̀ nínú wọn: iṣẹ́ tí wọ́n fi kọ́ni ti òkè òkun wá. Àwọn tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ ọnà nílẹ̀ yìí kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀, a kò pè wọ́n wá kọ́ ẹnikẹ́ni. Lójú ọ̀pọ̀ ojíṣẹ́ ìgbà náà, òrìṣà ni gbogbo igi tí a gbẹ́, ẹni tí ó bá sì fẹ́ di ọmọ Ìjọ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ sínú iná. A kò lè sẹ́ pé a ń lo ọ̀pọ̀ nínú ère wọ̀nyí níbi ẹbọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbẹ́ ère náà ńkọ́? Òun kan náà ni ó ń gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin, òpó ilé, ọpọ́n ayò àti odó. Nígbà tí iná jó ère, ó jó iyì iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ìpínlẹ̀ Rivers tí a wà yìí, a kò ní láti rìn jìnnà kí á tó rí àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1915 àti 1916, wòlíì Garrick Braide ti ìlú Bakana ń wàásù káàkiri etí omi, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sì kó ohun ìbọ wọn jáde, wọ́n bà á jẹ́. Àwọn Kalabari ní àwọn pátákó ọnà ńláńlá kan tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ ní ìrántí àwọn olóyè wọn tí wọ́n ti kú. "Duein fubara" ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún 1916 kan náà, P. A. Talbot, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn, gba díẹ̀ nínú wọn, a sì kó wọn lọ sí London. Títí di òní, ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú rí wọn lè bá wọn ní British Museum. Bí ọmọ Buguma tàbí Abonnema bá fẹ́ wo irú iṣẹ́ tí ọwọ́ baba ńlá rẹ̀ ṣe, ó lè di dandan kí ó wọ ọkọ̀ òfuurufú kí ó tó lè rí i.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á dé Ọyẹ́-Èkìtì. Ìlú Èkìtì ni, ní àgbègbè tí iṣẹ́ igi gbígbẹ́ ti lókìkí láti ìgbà pípẹ́. Ní Ìsẹ̀-Èkìtì, tí ó wà ní ilẹ̀ Èkìtì kan náà, ni Ọlọ́wẹ̀ gbé. Òun ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ọ̀gọ̀gà ti Ìkẹ́rẹ́ tí a fi hàn níbi ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní ọdún 1924, tí ó sì wà ní London títí di ìsinsìnyí. Ní apá àríwá Èkìtì, ní Òsì tí ó bọ́ sí abẹ́ Ìlọrin, Àreógun ni orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Kò sí àìní ọ̀gá ní àgbègbè náà. Ohun tí ó ń dín kù ni iṣẹ́ tí a lè gbé fún wọn, nítorí pé àwọn tí ń ra ère ti ń di onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí, àwọn ọba náà sì ti ń fi sìmẹ́ńtì àti páànù kọ́ ààfin.

Ní ọdún 1947, àwọn Fadá SMA ti ilẹ̀ Ireland dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọyẹ́. Ìmọ̀ràn náà ti ọ̀dọ̀ olórí ẹgbẹ́ wọn, Fadá Patrick Kelly, wá. Àwọn tí wọ́n gbé e sọ́wọ́ ni Fadá Seán O'Mahony àti Fadá Kevin Carroll. Liverpool ni a ti bí Fadá Carroll ní ọdún 1920, ọ̀dọ́mọkùnrin ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ó sì jẹ́ nígbà tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti ṣe: kí iṣẹ́ ọnà Yorùbá, bí ó ti wà gan-an, wọ inú ilé Ọlọ́run.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ wọn ni ó ya iṣẹ́ wọn sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìṣáájú. Wọn kò mú olùkọ́ wá láti ilẹ̀ òyìnbó. Ìdílé Àreógun ni wọ́n lọ, wọ́n sì pe ọmọ rẹ̀, Bándélé, kí ó wá di ọ̀gá. Bándélé yìí ni ìwé máa ń pè ní George Bándélé Àreógun. Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ nígbà náà; ó ti tó ẹni ogójì ọdún, iná iṣẹ́ sì ti jó o rí. Wọn kò ní kí ó gbàgbé ohun tí ó mọ̀. Wọn kò fún un ní àwòrán ará Róòmù kí ó máa dà á kọ. Wọ́n sọ ìtàn Ìwé Mímọ́ fún un, wọ́n sì jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ wá ọ̀nà tí yóò gbà sọ ọ́. Nígbà tí ó gbẹ́ àwọn amòye mẹ́ta tí wọ́n wá kí Jésù, ọba Yorùbá ni wọ́n jọ, pẹ̀lú adé àti aṣọ ńlá. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ Maríà, ìyá ọlọ́mọ ilẹ̀ wa ni ojú rí.

Yàtọ̀ sí àwọn agbẹ́gilére, àwọn ahunṣọ àti àwọn oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ náà ṣe iṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ Ọyẹ́, a sì ń fi aṣọ òfì àti iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ṣe aṣọ tí àlùfáà ń wọ̀ níbi Mísà. Ṣùgbọ́n lórí igi ni n óò dúró sí, nítorí pé níbẹ̀ ni a ti rí ọ̀nà ìkọ́ni wọn kedere.

Iṣẹ́ agbẹ́gilére ní ìpele mẹ́rin, Fadá Carroll sì fi sùúrù kọ orúkọ wọn sílẹ̀ bí ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀gá. Èkíní ni ọ̀nà lílé. Ọ̀gá yóò mú àáké, yóò sì fi gé ìtì igi títí yóò fi hàn níbi tí orí yóò wà, níbi tí àyà yóò wà, àti níbi tí ẹsẹ̀ yóò dúró sí. Èkejì ni alétúnlé, tí a ó tún àwọn apá ńláńlá wọ̀nyí pín sí kéékèèké, tí ojú, etí, ọmú àti ọwọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Irin tí a ń lò níhìn-ín dà bí àáké kékeré tí a fi ojú rẹ̀ dábùú bí ti ọkọ́. Ẹ̀kẹta ni dídán, níbi tí a ó ti fi irin ìgbẹ́gi àti ọ̀bẹ mú kí ara igi náà jọ̀lọ̀. Ẹ̀kẹrin ni fínfín, tí a ó fi ọ̀bẹ fín irun, ìlà ojú, àti ọnà ara aṣọ.

Ẹ kíyèsí bí ètò yìí ṣe ń kọ́ ọmọ. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í bẹ̀rẹ̀ láti ìpele kìn-ín-ní. Bí àáké bá ṣì igi gé nígbà ọ̀nà lílé, kò sí ẹni tí ó lè lẹ̀ ẹ́ padà. Nítorí náà ọ̀gá ni ó ń ṣe é. Ọmọ iṣẹ́ a máa bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àṣìṣe rẹ̀ kò ti ní ba ìtì igi jẹ́, lára dídán àti fínfín, lábẹ́ ojú ọ̀gá. Bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń mọ́ọ̀wọ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, títí di ọjọ́ tí a ó gbé ìtì igi ìrókò tuntun síwájú rẹ̀ tí a ó sì fi àáké lé e lọ́wọ́. Irú ẹ̀kọ́ yìí kò ṣeé fi wákàtí méjì lóòjọ́ kọ́. Ẹni tí ó bá ń gbé inú ilé nìkan ni ó lè rí i bí ọ̀gá ṣe ń yí igi ká láàárọ̀, tí ó ń wò ó, tí kò tíì fi irin kàn án.

Nínú àwọn tí wọ́n wá kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Bándélé, Làmídì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ ni òkìkí rẹ̀ kàn jù. Ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ni, láti ìdílé tí ó ti ń gbẹ́gi láti ìran dé ìran. Òun fúnra rẹ̀ ni ìran karùn-ún. Ó ti kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ baba rẹ̀, ó sì ti mọ irin lò kí ó tó pàdé Fadá Carroll. Síbẹ̀, ó gbà láti tún jókòó sí abẹ́ ọ̀gá fún ọdún mẹ́ta gbáko. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ọmọ ọlọ́nà tí ó ti mọ iṣẹ́ rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ láti tún kọ́ ọ.

Ohun mìíràn tún wà nínú ìtàn Làmídì. Mùsùlùmí ni, Mùsùlùmí ni ó sì jẹ́ títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà kí ó tó lè wọ ilé iṣẹ́ àwọn Fadá. Ọwọ́ Mùsùlùmí yìí ni ó gbẹ́ ìtàn ìgbésí ayé Jésù sára ilẹ̀kùn ilé ìsìn Kátólíìkì ní Yunifásítì Ìbàdàn. Mo sọ ọ̀rọ̀ João da Costa fún yín lẹ́ẹ̀kan. Àgùdà, ọmọ Ìjọ, kọ́ mọ́ṣáláṣí ní Èkó. Mùsùlùmí gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìbàdàn. Ní àkókò tí àwọn ènìyàn ń dá ara wọn lẹ́kun nítorí ẹ̀sìn, ó yẹ kí á máa sọ èyí sí etí àwọn ọmọ wa.

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo ènìyàn ni ó fi ọ̀yàyà gba iṣẹ́ Ọyẹ́. Àtakò pọ̀. Àwọn kan nínú àwọn àlùfáà kò fẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ tí wọ́n kàwé sì ń bèèrè pé, "Ṣé ohun tí àwọn òbí wa ní kí á sọ nù ni Fadá tún ń kó padà wá sínú ṣọ́ọ̀ṣì?" Ère ṣáká tí a fi pílásítà ṣe, tí a fi ọkọ̀ ojú omi kó wá láti Yúróòpù, ni ó wù wọ́n. A kò lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ìbéèrè wọn kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. A ti kọ́ wọn fún ọdún púpọ̀ pé igi gbígbẹ́ jẹ́ ohun èṣù. A kò lè retí pé kí wọ́n yí padà ní ọjọ́ kan. Ìdáhùn Fadá Carroll ni pé iṣẹ́ agbẹ́gilére yàtọ̀ sí ẹbọ tí ẹlòmíràn fi ṣe, àti pé ọwọ́ tí ó mọ ènìyàn gbẹ́ tẹ̀yẹtẹ̀yẹ lè gbẹ́ ẹni mímọ́ tẹ̀yẹtẹ̀yẹ pẹ̀lú. Ní ọdún 1963, Ìgbìmọ̀ Ńlá Kejì ti Vatican kéde pé Ìjọ kò fi irú ọnà kan ṣoṣo ṣe tirẹ̀, àti pé kí iṣẹ́ ọnà gbogbo ẹ̀yà máa rí àyè nínú ilé Ọlọ́run. Ọyẹ́ ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún mẹ́rìndínlógún ṣáájú.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ìkéde yẹn fi máa jáde, ilé iṣẹ́ Ọyẹ́ kò sí mọ́. A ti í pa ní ọdún 1954, lẹ́yìn ọdún méje péré. Ẹni tí ó bá wo èyí lè sọ pé iṣẹ́ náà kùnà. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí á sì yẹ ohun tí ó tẹ̀lé e wò.

Fadá Carroll kò dá iṣẹ́ dúró. Ó ń bá àwọn ọlọ́nà rìn, ó ń wá iṣẹ́ fún wọn, ó sì kọ ìwé ńlá kan lórí igi gbígbẹ́ Yorùbá tí ó jáde ní ọdún 1967. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí títí ó fi kú ní ọdún 1993. Bándélé ń gbẹ́gi lọ títí di ọjọ́ ogbó. Làmídì gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn, ó kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó sì gbẹ́ ère Odùduwà tí ó wà ní gbọ̀ngàn ibẹ̀, ní ọdún 1987. Ní ọdún 2006, UNESCO bu ọlá fún un gẹ́gẹ́ bí ìṣúra alààyè. Ó kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2009. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé ó sọ ilé tirẹ̀ di Ọyẹ́ mìíràn: ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹbí Fákẹ́yẹ àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n di agbẹ́gilére. Ilé tí àwọn Fadá kọ́ ti pa dé, ṣùgbọ́n ìwà ilé náà ti wọ inú agbo ilé padà, níbi tí ó ti wá.

Àwọn ilé bẹ́ẹ̀ mìíràn sì wà. Ní ọdún 1951, Michael Cardew bẹ̀rẹ̀ ilé ìmọ̀kòkò kan ní Abuja àtijọ́, ìlú tí à ń pè ní Suleja nísinsìnyí. Obìnrin kan tí ó ti kọ́ ìkòkò mímọ lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀ wọ ibẹ̀ ní ọdún 1954. Ladi Kwali ni orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá ní owó ogún náírà lápò, ẹ yí i padà, ẹ óò rí i níbi tí ó ti ń mọ ìkòkò. Ní Òṣogbo, Nike Okundaye dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní ọdún 1983, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ àdìrẹ láìsan owó: bí a ṣe ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ, bí a ṣe ń rì í sínú aró, àti bí a ṣe ń mọ ìgbà tí aró ti tó mu.

Èyí tí ó súnmọ́ wa jù níhìn-ín wà ní Agbarha-Otor, ní ilẹ̀ Urhobo, ní ìpínlẹ̀ Delta. Bruce Onobrakpeya, ọmọ ìlú náà, ni Fadá Carroll gbé iṣẹ́ Ọ̀nà Àgbélébùú lé lọ́wọ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul ní Ebute-Metta láàárín ọdún 1960 sí 1970. Ní ọdún 1998, Onobrakpeya náà dá ilé iṣẹ́ ọnà tí à ń pè ní Harmattan Workshop sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀. Àwọn ọlọ́nà a máa wá láti ibi púpọ̀, wọn a máa gbé ibẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, wọn a sì máa kọ́ iṣẹ́ àtijọ́ àti ti ìgbàlódé papọ̀: òkúta gbígbẹ́, amọ̀, aṣọ, awọ, àti àwòrán títẹ̀. Ẹ ò rí i pé irúgbìn tí a gbìn ní Ọyẹ́ ti so èso dé ẹ̀gbẹ́ ilé wa.

Kí ni a rí kọ́ nínú gbogbo èyí? Ohun mẹ́ta ni mo rí. Èkíní, ọ̀gá ni ilé ẹ̀kọ́. Àwọn Fadá ní owó, wọ́n sì ní ilé; ṣùgbọ́n láìsí Bándélé, kò sí Ọyẹ́. Èkejì, gbígbé pọ̀ jẹ́ ara ẹ̀kọ́ náà. Ẹ̀kẹta, iṣẹ́ ọwọ́ ń gba àkókò, kò sí ẹni tí ó lè yan ọ̀nà àbùjá fún un.

Mo sọ èyí nítorí ohun tí mò ń rí ní àyíká wa. Ní Rumuomasi àti ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Aba, àwọn ọ̀dọ́ ń kọ́ aṣọ rírán, wẹ́dà, irun ṣíṣe, àti títún fóònù ṣe. Àwọn ará wa Igbo ní ètò tí wọ́n ń pè ní "igba boi," tí ọmọ yóò lọ gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá fún ọdún mélòó kan, tí ọ̀gá yóò sì fún un ní ohun tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ nígbà tí ó bá parí. Ìyẹn náà jẹ́ ọmọ ìyá agbo ilé wa. Ṣùgbọ́n a tún ń rí àwọn ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí a ó fún ọmọ ní ìwé ẹ̀rí, tí a ó ya fọ́tò, tí kò sì ní mọ iṣẹ́ náà. Bí a bá fi irú ìyẹn rọ́pò ọ̀gá, ọmọ wa ni a ń tàn jẹ.

Ẹ jẹ́ kí á sì sọ òtítọ́ nípa apá kejì. Gbígbé lọ́dọ̀ ọ̀gá ní ewu tirẹ̀. Àwọn ọ̀gá kan wà tí wọ́n ń sọ ọmọ iṣẹ́ di ẹrú: ọmọ yóò fọ aṣọ, yóò pọn omi, yóò gbé ọmọ ìyàwó ọ̀gá pọ̀n, ọdún mẹ́rin yóò sì kọjá kí a tó jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ẹ̀ṣẹ̀ ni. Òbí tí ó fi ọmọ sílẹ̀ tí kò padà lọ wò ó náà jẹ nínú rẹ̀. Ẹ lọ máa wo ọmọ yín. Ẹ ní kí ó fi iṣẹ́ tí ó ṣe hàn yín. Kí ẹ̀yin àti ọ̀gá fi ẹnu kò lórí iye ọdún àti ọjọ́ fúrídọ̀ọ̀mù, kí ẹlẹ́rìí sì wà níbẹ̀.

Àwa olórí ìjọ ní ìpín tiwa. Nígbà tí a bá fẹ́ ra ère, ilẹ̀kùn, tàbí aṣọ Mísà, ta ni à ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀? Ọyẹ́ kò lè dúró láìsí iṣẹ́ tí a gbé fún un, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá tí ń bẹ ní àdúgbò wa kò lè kọ́ ọmọ kankan bí kò bá rí iṣẹ́ ṣe. Nínú Ìwé Ẹ́kísódù, nígbà tí Ọlọ́run fẹ́ kí a kọ́ àgọ́ Rẹ̀, ó yan Bésálẹ́lì àti Òhólíábù, ó fún wọn ní ọgbọ́n ọwọ́, ó sì fún wọn ní ọkàn láti kọ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀bùn méjèèjì ni: ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, àti ọkàn tí kò fi í pamọ́.

Àwọn àgbà ní, gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tirẹ̀ tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Lónìí, mo fẹ́ yí òwe náà padà fún wa. Àwa gbẹ́nugbẹ́nu ti sọ tiwa tán lórí rédíò. Ó ku ti gbẹ́nàgbẹ́nà. Ó ku kí ọ̀gá kan ní Rumuomasi gba ọmọ kan sílé, kí ó sì kọ́ ọ bí ẹni ń kọ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ó ku kí òbí kan ní sùúrù. Ó ku kí ìjọ kan gbé iṣẹ́ fún wọn.

Kí Olúwa fi ìbùkún sí iṣẹ́ ọwọ́ yín, kí ó sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀.